Hegel Gbọ́ Ni, Kò Rí: Ìdáhùn sí Akẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Òṣogbo

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo wa níbí, ló kọ lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, fìlọ́sọ́fì ni mo ń kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, olùkọ́ wa ka ohun tí Hume, Kant àti Hegel, àwọn onífìlọ́sọ́fì òyìnbó àtijọ́, kọ nípa àwa ènìyàn dúdú sí wa létí. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè. Ọmọ kíláàsì wa kan ní òun kò ní ka ìwé wọn mọ́ láé. Òmíràn ní Ifá ti dáhùn gbogbo rẹ̀ tipẹ́, kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú. Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, bàbá mi ní ṣé ẹ̀kọ́ tó ń bú ìran àwọn ni àwọn ń sanwó rẹ̀. Ìyá bàbá mi nìkan ló ní kí n má fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé lóòótọ́ ni pé a kò ní fìlọ́sọ́fì kí òyìnbó tó dé? Bí a bá ní, kí ló dé tí a kò rí ìwé rẹ̀? Ṣé kí n yí ẹ̀kọ́ mi padà?"

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ìbéèrè inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú tó wà lábẹ́ wọn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí èmi náà ti bá a pàdé. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, olùkọ́ òyìnbó kan ní kí n dìde nínú kíláàsì, ó bi mí bóyá èdè ìyá mi ní ọ̀rọ̀ kan fún ìmọ̀, tó yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn kàn gbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lẹ́nu mi, mọ̀ àti gbàgbọ́, mo sì ti ń lò wọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Síbẹ̀ mo dákẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ní Ọjà Ọba lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò ní yunifásítì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn bá mi gbélé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Màá padà sórí rẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sọ gan-an. David Hume, ọmọ Scotland, tẹ àròkọ kan jáde ní 1748 lórí ìwà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ní 1753, ó fi àlàyé kan kún un ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ó ní òun fura pé ìṣẹ̀dá ènìyàn dúdú rẹlẹ̀ sí ti funfun, pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó gba làákàyè láàrin wọn, kò sí iṣẹ́ ọnà, kò sí ìmọ̀. Ó ti gbọ́ pé ọkùnrin dúdú kan wà ní Jàmáíkà, Francis Williams, ẹni tó ń kọ ewì ní èdè Látìn. Hume ní bóyá bí odídẹrẹ́ tó mọ gbólóhùn díẹ̀ pè ni. Odídẹrẹ́ yìí náà ni àwa ń pè ní ayékòótọ́, ẹyẹ tó sọ òótọ́ tí ayé kọ̀ ọ́. N kì í ka ibẹ̀ kí n má rántí orúkọ yẹn. Kant, ará Jámánì, gbé ọ̀rọ̀ Hume yìí wọ inú ìwé tirẹ̀ ní 1764. Nínú ìwé kan náà, ó ròyìn ohun tí káfíńtà dúdú kan sọ fún àlùfáà tó ń bá a wí nítorí bó ṣe ń ṣe sí àwọn ìyàwó rẹ̀. Kant gbà pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan wà nínú èsì ọkùnrin náà tó yẹ ká rò. Lẹ́yìn náà ló wá ní, níwọ̀n bí onítọ̀hún ti dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ̀rí tó dájú nìyẹn pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló sọ.

Dúró níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú mi díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtìjú náà ti kúrò lára mi tó sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí olórí àwọn tó ń gbèjà làákàyè gbọ́ ọ̀rọ̀, ó rí i pé ó yẹ kí òun rò ó, ó wá wo àwọ̀ ẹni tó sọ ọ́, ó sì pa ìrònú tì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní bá kọ irú rẹ̀ sínú ìdánwò, èmi kò ní fún un ní máàkì kankan. Ìlànà tí a fi ń mọ̀ pé Kant ṣìnà níbẹ̀, Kant fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó fi kọ́ ayé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ tó ní òun kò ní ka ìwé wọn mọ́.

Hegel, ará Jámánì bíi Kant, ló wá fi gbogbo rẹ̀ ṣe ètò. Láti 1822 títí di nǹkan bí ìgbà tó kú ní 1831 ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin nípa ìtàn ayé. 1837 ni wọ́n tẹ ẹ̀kọ́ náà jáde. Ó ní Áfíríkà kò sí lára ìtàn ayé rárá, pé kò sí ìṣípòpadà kankan níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé Íjíbítì kò bá ọ̀rọ̀ òun mu, ó yọ Íjíbítì kúrò lára Áfíríkà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Éṣíà. Bí o bá fẹ́ rí bí èrò ẹnìkan ṣe máa ń tẹ òtítọ́ mọ́lẹ̀, wo ibi tó ti gé ilẹ̀ kúrò lára ilẹ̀ yẹn.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa rí. Kant kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà sí ìlú Königsberg tí wọ́n bí i sí ní gbogbo ayé rẹ̀. Ìwé àwọn arìnrìn-àjò, ìròyìn àwọn àlùfáà àti ti àwọn olówò ẹrú ni wọ́n ń kà. Ní 1821, wọ́n kó ọmọ kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Ọ̀ṣóògùn (àwọn kan máa ń ṣi ìlú náà mú fún Òṣogbo, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà). Ní 1822, ọdún tí Hegel bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn ayé yẹn, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ olówò ẹrú, wọ́n sì gbé e sọ̀kalẹ̀ ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ìtàn ń lọ lórí òkun náà gan-an lákòókò tí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin ń sọ pé kò sí ìtàn níbẹ̀.

O lè bi mí pé kí ló mú àwọn olóye bẹ́ẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Òwò ẹrú ni mo fi ṣíwájú. Bí mílíọ̀nù 12 ààbọ̀ ènìyàn ni àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé wọ́n kó sínú ọkọ̀ láti ilẹ̀ wa lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ènìyàn ṣe ọjà gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi yọ ẹni náà kúrò nínú ènìyàn, kí oorun lè kùn ún lálẹ́. N kò sọ pé ẹnìkan sanwó fún Hegel kó sọ ohun tó sọ. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo ilé ń mí ni mo ń wí. Ọmọ tó dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja kì í gbóòórùn èéfín mọ́. Ìdí kejì wá láti inú ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ọgbọ́n ayé ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, kó bẹ̀rẹ̀ ní Gíríìsì, kó sì parí sí ẹnu ọ̀nà tiwọn. Ẹni tí kò bá sí lójú ọ̀nà yẹn, wọn kò ní ibi tí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí inú tó ń bí ọ mú ọ sọ pé gbogbo òyìnbó ló gbà bẹ́ẹ̀. James Beattie, ọmọ Scotland bíi Hume, ta kò ó ní 1770. Ó ní àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé náà wà nínú ìgbó ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá ti ṣèdájọ́ wọn nígbà yẹn bí Hume ṣe ń ṣèdájọ́ àwọn ẹlòmíràn, ńkọ́? Kant pàápàá, nígbà tó darúgbó, bu ẹnu àtẹ́ lu bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ ti 1795 lórí àlàáfíà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn títí dòní bóyá ó yí ọkàn padà ni àbí kò yí i. Lójú tèmi, ó yí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà wá fa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tu, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló sì rin ìrìn àjò jù.

Ẹnìkan tún wà tí mo fẹ́ kí o mọ orúkọ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: Anton Wilhelm Amo. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1703 ní Axim, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n gbé e lọ sí Jámánì ní kékeré, ó kàwé, ó sì gbèjà ìwé kan ní Yunifásítì Wittenberg ní 1734 lórí bóyá ọkàn ènìyàn ni ó ń mọ ìrora àbí ara. Ó dá Descartes, onífìlọ́sọ́fì ará Faransé, lóhùn nínú rẹ̀. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì ní fìlọ́sọ́fì ní Halle àti ní Jena kó tó padà sílé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni Kant ní 1734. Ẹni tó kọ ní 1764 pé dúdú ni ẹ̀rí òmùgọ̀, ilẹ̀ tirẹ̀ ni ènìyàn dúdú ti ṣe olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ wọn kò sì dúró sínú ìwé. Wò ó nítòsí wa níbí. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí amọ̀ àti orí idẹ tí wọ́n ń pè ní ti Olókun, ẹwà wọn sì dẹ́rù bà á. Kàkà kó sọ pé àwọn baba ńlá àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ ló ṣe é, ó ní ìran àwọn ará Atlantis, ìlú tó rì sínú òkun nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló ní láti wá síbẹ̀ láyé àtijọ́. Ní 1938, bí wọ́n ṣe ń wa ilẹ̀ kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n ko àwọn orí mìíràn tó jọ wọ́n lọ́pọ̀. Nígbà tí Hume ń kọ̀wé pé kò sí iṣẹ́ ọnà láàrin wa, àwọn orí yẹn ti wà nínú ilẹ̀ Ifẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Láti Òṣogbo, kò ju nǹkan bí ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ lọ. Lọ wò wọ́n, kí o sì mú bàbá rẹ dání.

Ìwọ yóò sọ pé orí idẹ kì í ṣe fìlọ́sọ́fì. Òótọ́ ni. Kò yẹ ká máa fi iṣẹ́ ọnà dáhùn ẹni tó bèèrè àròjinlẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń ṣe. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ìwé wà. O ní kí ló dé tí a kò rí ìwé. Socrates, tí wọ́n ń pè ní baba fún fìlọ́sọ́fì wọn, kò kọ ìwé kankan. Plato akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló kọ èyí tí à ń kà. Bí àìkọ̀wé bá ń sọ ènìyàn di aláìrònú, àwọn ni yóò kọ́kọ́ pàdánù. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo Áfíríkà ni kò kọ̀wé. Ní nǹkan bí 1615, Ahmad Baba ti Timbuktu fi èdè Lárúbáwá dá àwọn tó bi í léèrè lóhùn lórí ẹni tó tọ́ àti ẹni tí kò tọ́ láti kó lẹ́rú. Ó sọ gbangba pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìdí. Wo ọdún yẹn, kí o sì tún wo 1753 ti Hume.

Síbẹ̀ n kò ní tàn ọ́. Àìkọ̀wé ṣe wá ní jàǹbá kan tó pọ̀. Bí àwọn àgbà méjì bá jiyàn nílé Ọba Òṣogbo ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún méjì ọdún sẹ́yìn, tí ọ̀kan borí, ohun tó máa ń kù sílẹ̀ fún wa ni òwe kan ṣoṣo, láìsí orúkọ, láìsí ọ̀rọ̀ ẹni tó pàdánù. Ẹni tó pàdánù ni fìlọ́sọ́fì nílò jù, nítorí inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìyẹn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Paulin Hountondji, ọ̀mọ̀wé orílẹ̀-èdè Benin tó jáde láyé ní 2024, ló tẹnu mọ́ èyí jù nínú wa. Ìjà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí àlùfáà ọmọ Belgium kan, Placide Tempels, tẹ̀ jáde ní 1945, tó ní àwọn Bantu, àwọn ẹ̀yà àárín àti gúúsù Áfíríkà, ní fìlọ́sọ́fì, pé agbára ẹ̀mí ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú yọ̀ mọ́ ìwé náà. Ní 1976, Hountondji ní ká má tíì yọ̀. Ó ní Tempels sọ̀rọ̀ nípa wa fún àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò bá wa sọ̀rọ̀. Ó sì ṣe bí ẹni pé gbogbo ìlú ní èrò kan náà, láìsí ẹni tó ń jiyàn. Hegel ní a kò ronú. Ẹni tó yìn wá ní gbogbo wa ń ronú bákan náà, láìmọ̀ pé a ń ronú. Nínú méjèèjì, kò sí ẹnìkan tó ní orúkọ tó dìde tó ní "èmi kò gbà". Mo gba Hountondji gbọ́ níbẹ̀. Ibi tí n kò ti bá a lọ ni bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé láìsí ìwé, kò lè sí.

Ohun tó jẹ́ kí n yàtọ̀ sí i nìyí. Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣódípọ̀, tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn Yorùbá, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tó mú mọ̀ yàtọ̀ sí gbàgbọ́. Ìwé wọn jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà ní ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, òun ni ó mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ níyì tó, ó gbà á ló gbọ́ ọ, ìgbàgbọ́ ni. Ó di ìgbà tó bá yẹ̀ ẹ́ wò, tó dán an wò, kó tó lè kọjá ibẹ̀. Ọmọ mi, nígbà tí mo ka ojú ìwé yẹn, mo pa ìwé dé, mo sì jókòó. Ìbéèrè tí òyìnbó bi mí ní kíláàsì nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì le ju ti àwọn olùkọ́ mi lọ. Ìwé tiwọn máa ń ka ohun tí ènìyàn kà nínú ìwé tó ṣeé fọkàn tán sí ìmọ̀. Lójú àwọn oníṣègùn yẹn, ìgbàgbọ́ ni, títí tí ojú rẹ yóò fi tó o. Bó bá jẹ́ òṣùwọ̀n yẹn la fi wọn Hegel, gbogbo ohun tó sọ nípa wa, gbígbọ́ ló gbọ́ ọ tó sì gbà á. Kò mọ̀. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ọmọ kékeré ní Òròkí mọ èyí.

Kí n tún sọ ibi tí ìwé náà kò lágbára tó. Àwọn tí wọ́n bi kò pọ̀, oníṣègùn sì ni wọ́n, kì í ṣe gbogbo ará ìlú. Ìwọ àti èmi máa ń sọ pé a mọ̀ pé Jámánì wà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kò dé ibẹ̀ rí. Nítorí náà bóyá ìyàtọ̀ tí wọ́n tọ́ka sí kì í ṣe ti èdè Yorùbá lódindi, bóyá ti àwọn àgbà tí iṣẹ́ wọn kò fàyè gba àgbọ́sọ ni. Ìyẹn kò sọ ọ́ di yẹpẹrẹ lójú mi. Ó tún mú un níyì sí i, nítorí ó fi hàn pé àwọn kan jókòó wọ́n sì yàn án.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tó ní Ifá ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún Ifá. Odù 256 pẹ̀lú ẹsẹ tó wà lábẹ́ wọn kì í ṣe ohun eré. Sophie Olúwọlé, ọmọ Ìgbárà-Òkè, ẹni àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú fìlọ́sọ́fì ní yunifásítì ilẹ̀ wa, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti fi Ọ̀rúnmìlà wé Socrates kó tó kú ní 2018. Ìgboyà rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n Ìyá wa Olúwọlé fúnra wọn kò kà á bí orin ìyìn. Wọ́n máa ń bi ẹsẹ Ifá léèrè ọ̀rọ̀. Bi í léèrè bẹ́ẹ̀. A ní ènìyàn kúnlẹ̀ yan orí kó tó wá sáyé, a ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Ẹni kan náà tó sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yóò lọ rúbọ nírọ̀lẹ́ kí orí rẹ̀ lè sunwọ̀n. Bí àyànmọ́ kò bá gbóògùn, kí ni ẹbọ ń ṣe? Bó bá gbà á, kí ló kù nínú yíyàn náà? Bí mo bá sì yan orí burúkú kí n tó ní ojú tí mo fi lè mọ burúkú yàtọ̀, ta ni ó lẹ́bi? Ṣẹ́gun Gbádégẹ̀ṣin tú ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní nínú ìwé rẹ̀ ti 1991, kò sì rí ìdáhùn tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní Ifá ti parí rẹ̀, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó ti parí kò ní nǹkan tó lè kọ́ wa mọ́.

Kwasi Wiredu ti ilẹ̀ Gánà ní ọgbọ́n kan tí mo máa ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ó ní kí o gbé ìṣòro tí òyìnbó kà sí ti gbogbo ayé, kí o sọ ọ́ ní èdè rẹ, kí o sì wò ó bóyá ó ṣì jẹ́ ìṣòro. Mú ọ̀rọ̀ Descartes: mo ń ronú, nítorí náà mo wà. Wiredu ní ní èdè Akan, bí o bá ní o wà, wọn yóò bi ọ́ pé níbo, nítorí wíwà nílò ibi tí a wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá rí. Lẹ́yìn náà mo rántí pé a máa ń sọ pé "Ọlọ́run wà", kò sì sí ẹni tó ń bèèrè pé níbo. Nítorí náà wà tiwa ní apá méjì, ti Akan sì lè má ní in. N kò tíì rí ẹni tó tú èyí dé ìsàlẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún ọ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi fún ọ, nítorí Hume ní kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó gba làákàyè láàrin wa, èmi sì jẹ́ ọmọ aláró ní ìlú aró. Ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti ń re aṣọ. Wọ́n máa ń gún ewé èlú, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sẹ́ omi eérú lé e lórí nínú ìkòkò, wọ́n á sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí aró tó jinná. Ahọ́n ni wọ́n fi ń tọ́ ọ wò. Ní ọjọ́ kan, ìkòkò kan nínú mẹ́ta kọ̀, aṣọ kò mú aró. Ẹnìkejì wọn ní ayé ló ṣe é. Ìyá mi tọ́ omi ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, wọ́n ní: "Èlú kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, eérú èyí nìkan ló yàtọ̀. Bó bá jẹ́ ayé ni, báwo ni ayé ṣe mọ ìkòkò tí eérú rẹ̀ yàtọ̀?" Àwọn kan náà ló ń júbà Ìyá Màpó ní àràárọ̀, wọn kò sì fi júbà náà rọ́pò títọ́ omi wò. Odera Oruka, ọmọ Kenya, tó lọ ń fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà abúlé lẹ́nu wò, pín wọn sí ọ̀nà méjì: àwọn tó mọ ohun tí ìlú ń sọ, àti àwọn tó mọ̀ ọ́n tó sì tún bi í léèrè. Gbólóhùn kan láti ẹnu ìyá mi kò tó ìwé fìlọ́sọ́fì, èmi kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà tí wọ́n wà nínú méjèèjì. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni mo rántí dáadáa. Nígbà tí wọ́n wà láàyè, ìwé Kant ni mo ń kọ àkọsílẹ̀ lé lórí.

Ní ti bàbá rẹ, má bá wọn jiyàn. Wọ́n sọ̀rọ̀ láti inú ìfẹ́ ìran wọn. Ṣàlàyé fún wọn pé bí àwa bá fi àwọn ìwé wọ̀nyí sílẹ̀, àwọn tó gbà wọ́n gbọ́ nìkan ni yóò máa kà wọ́n. Sọ fún wọn pẹ̀lú pé ní 1963, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn kan ní Oxford, Trevor-Roper, ṣì ń sọ pé kò sí ìtàn Áfíríkà, àfi ti àwọn òyìnbó ní Áfíríkà, pé òkùnkùn ni ìyókù. Lákòókò yẹn, Kenneth Dike ti kọ ìwé tirẹ̀ láti 1956, ó sì ti di olórí ní Ìbàdàn. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897 sì ti wà ní títẹ̀ láti 1921. Àwọn tó kàwé tí ìwé bú wọn ni wọ́n fi ìwé dáhùn. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa iṣẹ́ tí o máa ṣe, ìyẹn le jù fún mi. Fìlọ́sọ́fì nìkan kì í tètè fún ènìyàn ní iṣẹ́ nílẹ̀ yìí. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ mi tó di lọ́yà, mo rí èyí tó di oníròyìn, mo sì rí àwọn tó wá iṣẹ́ pẹ́. Bí ọ̀rọ̀ owó bá le nílé, fi ẹ̀kọ́ mìíràn tó lè bọ́ ọ kún un. Ṣùgbọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ nítorí Hegel.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé, kọ́kọ́ wá àròkọ Peter Bodunrin ti 1981, òun ló to àwọn tó ń jiyàn sí apá wọn. Lẹ́yìn náà, ka Hallen àti Ṣódípọ̀, kí o ka Wiredu, kí o sì gbé Hountondji ti wọn kí wọ́n jà níwájú rẹ. Ka Olúfẹ́mi Táíwò ti 1998 lórí Hegel lẹ́yìn tí o bá ti ka Hegel fúnra rẹ̀, má ṣe kà á ṣáájú. Kí o tó ṣí èyíkéyìí nínú wọn, lọ bá ìyá bàbá rẹ tó ní kí o má fi í sílẹ̀. Bi wọ́n pé kí ni àwọn mọ̀, kí sì ni àwọn kàn gbàgbọ́, kí ló sì mú méjèèjì yàtọ̀. Fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ wọn, kí o sì kọ ibi tí o kò ti gbà pẹ̀lú wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.